Ìyá Kùdí àti Ajá Abẹ́ Tébù

Òfin mọ́kànlá ló wà lára ògiri ilé ìjẹun kọ́lẹ́ẹ̀jì wa nígbà tí mo débẹ̀ lọ́dún 1973. Èmi ni mo tún gbogbo wọn tẹ̀, nítorí akọ̀wé tó ṣáájú mi kò mọ tàípù í tẹ̀ rárá; ìlà kan ń gòkè, ìkejì ń sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo ṣòfin. Bí ẹ bá gbọ́ tí Ọ̀gbẹ́ni Àkàngbé, ọ̀gá wa lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti ibùgbé, ń sọ fún àlejò pé òun ló ṣe wọ́n, ẹ jẹ́ kó máa sọ. Ìyá Kùdí ló ṣe wọ́n. Bí mo ṣe ń tún wọn tẹ̀, á dúró lẹ́yìn àga mi, á máa sọ ọ́ ní Yorùbá, èmi á máa fi Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ ẹ́. Tí mo bá parí, á ní kí n kà á padà fún òun ní Yorùbá, kó lè mọ̀ bóyá mo ti yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀.

Sìmíátù lorúkọ rẹ̀ gan-an. Kùdírátù ni àkọ́bí rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwa òṣìṣẹ́ fi ń pè é ní Ìyá Kùdí. Màmá ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é. Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n bí i sí, nílé àwọn Mùsùlùmí tó ń ta obì. Mushin ló ń gbé, ẹsẹ̀ ló sì fi ń rìn wá síbi iṣẹ́ láràárọ̀, nítorí kọ́lẹ́ẹ̀jì wa kò jìnnà sí Ìdí-Àràbà. Òun ni súpáfáísọ̀, alábòójútó ilé ìjẹun. Irinwó akẹ́kọ̀ọ́ ló ń jẹun lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, obìnrin tí kò kàwé kọjá Sítáńdáàdì Kẹta.

Àtàǹpàkò ló fi ń yẹ abọ́ wò. Á fi ra ojú abọ́ náà, bí abọ́ kò bá dún, ó padà sínú omi nìyẹn. Mo rí i lọ́jọ́ kan tó dá ọgọ́rin abọ́ padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó bá àwọn tó fọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀ dúró ti omi, wọ́n jọ fọ̀ wọ́n. Èmi kì í tètè yin èèyàn. Ìyàwó mi máa ń sọ pé bí áńgẹ́lì bá wọ ilé wa ní Èbúté Mẹ́ta, bàtà rẹ̀ ni màá kọ́kọ́ wò bóyá ó mọ́. Síbẹ̀ mo ń yin obìnrin yìí, ẹ ó sì gbọ́ ìdí rẹ̀.

Òfin kẹrin ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ohun tó sọ ni pé ẹranko kankan kò gbọdọ̀ wọ ilé ìjẹun. Ọ̀bọ ló fà á. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ló mú ọ̀bọ rẹ̀ wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ Sọ́ńdè kan, ọ̀bọ náà já, ó sì lọ jókòó sínú àwo ìrẹsì. Láti ọjọ́ náà, ẹranko ò wọ ibẹ̀ mọ́.

Lóṣù kẹwàá ọdún 1975 ni Ọláìtán dé. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, Surulere ni wọ́n ti tọ́ ọ, ó sì tó ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Àìsàn ló gba ojú rẹ̀ nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Lẹ́yìn ọdún méjì, àwọn ìjọ wọn rán an lọ sí ìlú òyìnbó láti lọ kọ́ bí a ṣe ń fi ìka kàwé, níbẹ̀ ni wọ́n sì ti fún un ní ajá kan tí wọ́n ti kọ́ láti máa mú afọ́jú rìn. Abo ajá ni, ó tóbi, irun rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, etí rẹ̀ wó sílẹ̀. Bẹ́sì ni wọ́n sọ ọ́. Ìjánu aláwọ kan wà ní àyà rẹ̀, irin ọwọ́ kan sì yọ jáde láti ẹ̀yìn ìjánu náà, òun ni Ọláìtán ń dì mú. Tí ìjánu yẹn bá ti wà lára Bẹ́sì, ẹnu iṣẹ́ ló wà nìyẹn. Kì í gbó, kì í bá ẹnikẹ́ni ṣeré, kò sì ní wo eegun tí ẹ bá jù sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Kí n sọ òtítọ́, àwọn kan wà lọ́fíìsì wa tí wọn kì í ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá jẹun, Ìyá Kùdí pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Èmi náà wà níbẹ̀.

“Ẹ kú ọ̀sán, Màmá,” Ọláìtán ló sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti sọ fún un nípa kọ́kọ́rọ́ tí Ìyá Kùdí máa ń so mọ́ ìdí, ó sì ti gbọ́ ìró wọn.

“Kú ọ̀sán, ọmọ mi. Ta ló ni ajá yìí?”

“Èmi ni, Màmá. Òun ló ń mú mi rìn.”

“Mo rí i. Ó mọṣẹ́. Ṣùgbọ́n ajá kì í wọ ibí.”

“Màmá, tí mi ò bá mú un dání, mi ò ní mọ ibi tí tébù wà.”

Ìyá Kùdí ní, “Màá ní kí wọ́n máa gbé oúnjẹ wá bá ẹ ní yàrá. Gbígbóná ni wọ́n á máa gbé e wá. Èmi fúnra mi ni màá máa bu ẹran sí i.”

Ọláìtán kò bínú, ohùn rẹ̀ sì wà nílẹ̀.

“Ẹ ṣeun, Màmá. Ọdún méjì ni mo fi jẹun ní yàrá nígbà tí ojú mi kọ́kọ́ lọ. Tí àlejò bá wá sílé wa, wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́ mi, wọ́n á gbé abọ́ mi sẹ́nu ọ̀nà. Mi ò lè jẹun báyẹn mọ́. Tó bá jẹ́ pé bó ṣe máa rí níbí náà nìyẹn, màá kúkú padà sílé.”

Ó yí padà, ajá rẹ̀ yí padà, wọ́n lọ. Kò jẹun ọ̀sán náà. Nígbà tó di alẹ́, búrẹ́dì gbígbẹ ló jẹ.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Kùdí wọ ọ́fíìsì mi, ó jókòó, ohun tí kì í ṣe.

“Jẹ́tírò, ọmọ yẹn ò jẹun.”

“Ẹ jẹ́ kó mú ajá ẹ̀ wọlé nígbà náà.”

“O ò mọ ohun tí ò ń sọ.” Ó wá ṣàlàyé fún mi. Nílé bàbá rẹ̀, bí ajá bá fẹnu kan igbá, ẹ̀ẹ̀meje ni wọ́n ń fọ̀ ọ́, iyẹ̀pẹ̀ ni wọ́n sì ń fi fọ ti àkọ́kọ́. Bàbá rẹ̀ tilẹ̀ fọ́ igbá kan mọ́lẹ̀ nítorí pé kò dá a lójú pé wọ́n fọ̀ ọ́ pé. Láti kékeré, ajá kò fara kàn án rí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn ọmọ Mùsùlùmí tó ń jẹun lọ́wọ́ rẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì ń jẹ oúnjẹ rẹ̀ nítorí pé wọ́n gbà á gbọ́. “Tí wọ́n bá rí ajá lábẹ́ tébù, tí wọ́n bá ní àwọn ò jẹ mọ́, kí ni màá wí? Ṣé ọmọ mi kọ́ ni àwọn náà ni?”



Ọ̀gbẹ́ni Àkàngbé ní tirẹ̀ kò ní ìṣòro kankan. Ó ní kọmití tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé ìjẹun máa jókòó níparí oṣù kọkànlá, àti pé nígbà tí wọ́n bá dìde, ajá náà máa lọ, tí kò bá sì fẹ́ dá lọ, kí ẹni tó ni ín bá a lọ. Ó sọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín, bí ẹni tó ń sọ pé òjò máa rọ̀. Gbogbo wa mọ̀ pé bí wọ́n bá lé ajá náà, ilé ni Ọláìtán ń lọ, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà ni.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Ìyá Kùdí fi rò ó. Ní ọjọ́ kẹrin, ó dúró lẹ́yìn àga mi, ó ní kí n fi bébà sínú ẹ̀rọ. Báyìí la ṣe ṣe òfin kejìlá. Ó sọ pé Ọláìtán lè mú ajá rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Níbẹ̀ ni wọ́n á ti bọ́ ìjánu rẹ̀, wọ́n á fi kọ́ ìṣó lára ògiri, wọ́n á sì fi okùn so ajá náà mọ́ ìdí igi fúrúùtù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíṣìnì, níbi tí òjìji wà. Ìyá Kùdí fúnra rẹ̀ ni yóò máa mú Ọláìtán wọlé lọ sí ìjókòó rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ dáadáa, kò sí àṣìtẹ̀ kan nínú rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Àkàngbé kà á, ó ní títí di ọjọ́ kọmití, kò burú.

Inú gbogbo wa dùn. Ọláìtán di etí aṣọ Ìyá Kùdí mú, ó wọlé, ó jẹun láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn tó wà ní tébù rẹ̀ ń sọ fún un pé ẹ̀wà wà lọ́wọ́ ọ̀tún, dòdò wà lọ́wọ́ òsì. Ó ń rẹ́rìn-ín. Tìrìmísíyù, tó ń pín oúnjẹ, tó ti sọ pé ọjọ́ tí ajá bá wọlé ni òun máa fi iṣẹ́ sílẹ̀, ń bu ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ fún un. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ó fi rí bẹ́ẹ̀, èmi sì ti ń fọ́nnu nílé pé mo wà lára àwọn tó yanjú ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí gbogbo wa mọ̀, tí gbogbo wa sì gbàgbé. Gáréèjì àwọn dẹrẹ́bà kọ́lẹ́ẹ̀jì wà lẹ́yìn kíṣìnì. Lọ́dọọdún, ní Sátidé kejì oṣù kọkànlá, wọ́n máa ń bọ Ògún níbẹ̀ nítorí àwọn lọ́rì àti bọ́ọ̀sì tí wọ́n ń wà. Wọ́n á ránṣẹ́ ra ajá kan, ọkọ̀ á gbé e dé Jíbówú, ọ̀kan nínú wọn á lọ gbà á wá, wọ́n á sì so ó mọ́ ìdí igi tó ní òjìji jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì títí gbogbo wọn á fi pé lọ́sàn-án. Igi fúrúùtù kíṣìnì wa ni igi náà. Ọdún mẹ́rìnlá ni Ìyá Kùdí ti fi ń rí ajá lábẹ́ igi yẹn ní Sátidé bẹ́ẹ̀. Èmi náà ti rí i lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí a jókòó tí a ń ṣòfin, òjìji nìkan la rí.

Lọ́jọ́ Sátidé náà, Ọláìtán jẹun ọ̀sán tán, Ìyá Kùdí mú un jáde. Ó na ọwọ́ sí ìṣó, ó mú ìjánu, ó sì pe ajá rẹ̀. Bẹ́sì kò wá. Ó tún un pè, ó rọra, bó ṣe máa ń pè é. Mo wo ìdí igi. Okùn kò sí níbẹ̀, ajá kò sí níbẹ̀.

“Màmá, ṣé ẹ rí i?” Ọláìtán béèrè.

Ẹnu ọ̀nà gáréèjì ni Ìyá Kùdí ń wò, níbi tí wọ́n ti so màrìwò tútù kọ́. Mo rí ojú rẹ̀, mi ò sì fẹ́ rí ojú bẹ́ẹ̀ lára ẹnikẹ́ni mọ́. Ó ní kí Ọláìtán jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó bọ́ sálúbàtà rẹ̀ sílẹ̀, ó sáré.

Obìnrin yìí kò sáré rí lójú mi. Orúnkún ọ̀tún rẹ̀ ti ń dùn ún láti ìgbà tó ti bí ọmọ rẹ̀ kẹrin, bí ó bá ń gun àtẹ̀gùn, a máa ń dúró dè é. Ṣùgbọ́n mo sáré tẹ̀ lé e, mi ò lé e bá.

Àwọn dẹrẹ́bà bíi mẹ́wàá ló dúró yí ẹ́ńjìnnì àtijọ́ kan ká, epo pupa ti wà lórí rẹ̀. Ọkùnrin méjì di Bẹ́sì mú lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò gbó, kò jà, nítorí bí àwọn òyìnbó ṣe kọ́ ọ nìyẹn, kí ó má ṣe bá èèyàn jà. Ó kàn ń yí ojú kiri, ó ń wá ẹni rẹ̀. Ọ̀jẹ̀túndé, ọ̀gá àwọn dẹrẹ́bà, àgbàlagbà tó máa ń le koko, ti mú àdá lọ́wọ́.

“Bàbá Ọ̀jẹ̀, ẹ dákun, ẹ dúró.” Èémí Ìyá Kùdí kò tó.

“Ìyá Kùdí, kí lẹ wá ṣe níbí? Obìnrin kì í wọ ibí lónìí.”

“Ajá ọmọ mi lẹ mú.”

“Ọmọ yín wo? Ajá wa tí wọ́n lọ gbà wá ní Jíbówú nìyí. Ìdí fúrúùtù la ti mú un, níbi tá a ti máa ń mú un lọ́dọọdún.”

“Tiyín kọ́. Ti Ọláìtán ni, ọmọ tí kò ríran. Èmi ni mo ní kí wọ́n so ó síbẹ̀. Èmi ni mo ní kí wọ́n bọ́ ìjánu ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bá èèyàn jà, èmi rèé.”

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ dẹrẹ́bà ní wọ́n ti wúre sí i lórí, pé kò sẹ́ni tó ń gba irú ẹ̀ padà. Ìyá Kùdí kò tilẹ̀ wò ó. Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ olóróró, ó ki apá méjèèjì sábẹ́ ajá náà, ó gbá a mọ́ àyà. Àwọn ọkùnrin tó dì í mú wo ojú ara wọn, wọ́n sì tú ọwọ́. Bẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í lá a lójú, lá a lọ́rùn, lá a létí. Mo ń wo obìnrin tí bàbá rẹ̀ fọ́ igbá mọ́lẹ̀ nítorí itọ́ ajá. Kò gbé ojú kúrò.

Ọ̀jẹ̀túndé wo ajá náà, ó wo Ìyá Kùdí. Ó fi àdá sílẹ̀.

“Okùn lásán la rí lọ́rùn ẹ̀,” ó ní. “Tá a bá rí ìjánu yẹn, a ò ní fọwọ́ kàn án. Gbogbo wa la mọ ìjánu yẹn. Mi ò ní fi ohun olóhun bọ Ògún, Ìyá Kùdí. Ẹ máa gbé e lọ.”

Ẹni tí wọ́n rán lọ sí Jíbówú kò tíì padà; aago mẹ́ta ló mú ajá tiwọn dé. Ìyẹn kò kàn wá.

Ó gbé Bẹ́sì dé ẹ̀gbẹ́ kíṣìnì kó tó gbé e sílẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti pé yí Ọláìtán ká lórí àtẹ̀gùn, ó di ìjánu mú lọ́wọ́ méjèèjì. Nígbà tí ajá náà ki imú bọ̀ ọ́ lábẹ́ apá, ó fi ọwọ́ wá ọrùn rẹ̀, ó kan okùn, ó kan ibi tí okùn ti bó o. Ọwọ́ rẹ̀ dúró síbẹ̀.

Ìyá Kùdí lè sọ pé ajá náà já lọ ni. Èmi ì bá sọ bẹ́ẹ̀, mo ti ń wá bí màá ṣe gbé e kalẹ̀. Ó jókòó tì í lórí àtẹ̀gùn, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un lójú gbogbo èèyàn: igi náà, ọjọ́ náà, àdá náà. “Mo mọ igi yẹn,” ó ní. “Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ kí gbogbo èèyàn má bínú sí mi, mo wá gbàgbé ohun tí mo mọ̀. Má bínú, ọmọ mi.”

Ọláìtán ní, “Ẹ ṣe é dé ibi tẹ́ ẹ lè ṣe é dé, Màmá.”

“Rárá,” Ìyá Kùdí dáhùn. “Mi ò tíì ṣe é débẹ̀.”

Ó bu iyẹ̀pẹ̀ níbi tí àwọn bíríkìlà ti ń mọ odi, ó wọ ẹ̀yìn kíṣìnì lọ, ó fọ ojú, ọrùn àti apá rẹ̀ nígbà méje. Ó pààrọ̀ aṣọ, ó sì kí ìrun Àìlà tó ti fẹ́ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó lọ bá alífáà wọn ní Mushin. Alífáà ní abọ́ ni wọ́n ní kí a fọ̀ nígbà méje, pé kò sí ẹni tó ní kó fọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó sì ní a kò kọ ajá fún ọdẹ àti darandaran, áńbọ̀sìbọ́sí ẹni tí kò ríran. Ìyá Kùdí dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gba èyí tó kan afọ́jú. Èyí tó kan ara rẹ̀, ó gbọ́, ṣùgbọ́n nígbà méje náà ló ń fọ̀ ọ́ lọ.

Ní Mọ́ńdè, ó lọ sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Àkàngbé pé òun kò lè dúró de ìparí oṣù. Ọ̀gbẹ́ni Àkàngbé náà kò fẹ́ dúró, nítorí ìròyìn gáréèjì ti kárí. Kọmití jókòó ní Wẹ́sìdeè. Èmi ni mo ń kọ ohun tí wọ́n ń sọ sílẹ̀. Ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì wà níbẹ̀, àwọn olùkọ́ mẹ́rin wà níbẹ̀, Ọláìtán sì jókòó lẹ́yìn pátá.

Ọ̀gbẹ́ni Àkàngbé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní wọ́n ti rí wàhálà tí ajá yìí dá sílẹ̀ láàárín oṣù kan péré, òfin kẹrin sì ṣe kedere, kí wọ́n jẹ́ kí a tẹ̀ lé e.

Ìyá Kùdí dìde. “Ẹ má bínú, ọ̀gá. Èmi ni mo ṣe òfin kẹrin.”

Gbogbo àwọn olùkọ́ tó wà níbẹ̀ ló ti gbọ́ lẹ́nu Ọ̀gbẹ́ni Àkàngbé pé òun ló ṣe é. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í tún táì rẹ̀ ṣe. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́rọ̀ kan sí èkejì, mo sì fà á nílà nísàlẹ̀.

“Ọ̀bọ ni mo torí ẹ̀ ṣe é,” Ìyá Kùdí ń bá a lọ. “Mi ò ṣe é nítorí ajá tó jẹ́ ojú èèyàn. Èmi náà ni mo ṣe òfin kejìlá, òun ló sì fẹ́ pa ajá yìí. Mo bọ́ ìjánu lára ẹ̀, mo sọ ọ́ di ajá lásán. Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe.”

“Kí lẹ fẹ́ kí a kọ?” ọ̀gá àgbà béèrè.

Ó ti rò ó tán. Kí ajá wọlé pẹ̀lú Ọláìtán, kí ẹnikẹ́ni má bọ́ ìjánu lára rẹ̀ níbẹ̀. Kí Ọláìtán máa jókòó ní tébù tó súnmọ́ ilẹ̀kùn, kí ajá dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ lórí ẹní tirẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má pè é, kí ẹnikẹ́ni má fún un lóúnjẹ, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án lẹ́nu iṣẹ́. Ìta ni yóò ti máa mu omi, nínú abọ́ aláwọ̀ búlúù tí kò ní bá abọ́ èèyàn pàdé láé. Kí korobá iyẹ̀pẹ̀ kan àti omi wà lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹni tí ajá náà bá fara kàn tó bá fẹ́ fọ ara rẹ̀ lè fọ̀ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì fi í ṣẹ̀fẹ̀.

“Ta ni yóò máa fọ abẹ́ tébù yẹn?” Ọ̀gbẹ́ni Àkàngbé béèrè. “Tìrìmísíyù ti ní òun ò ní fọ̀ ọ́.”

“Èmi ni.”

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ Mùsùlùmí?”

“Torí pé Mùsùlùmí ni mí ni, ọ̀gá. Èmi ni mo mọ bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́.”

Ọ̀gá àgbà wo Ọláìtán, ó wo Ìyá Kùdí, ó ní kí n lọ tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ ní wákàtí náà. Mo yọ òfin kejìlá àtijọ́ lára ògiri, mo fi tuntun sí i. Nígbà tí mo kà á padà fún un ní Yorùbá, ó ní mo gbàgbé abọ́ búlúù. Mo tún un tẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Bẹ́sì wọ ilé ìjẹun. Irinwó síbí ló dúró lẹ́ẹ̀kan. Ó mú Ọláìtán gba àárín àga, ó yà fún ọmọ kan tó na ẹsẹ̀ sójú ọ̀nà, ó dúró lẹ́bàá àga tó ṣófo. Ọláìtán fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn àga náà, ó jókòó. Kò di aṣọ ẹnikẹ́ni mú. Ajá náà dùbúlẹ̀ sábẹ́ tébù, ó gbé àgbọ̀n lé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ariwo síbí tó tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ Mùsùlùmí méjì dìde, wọ́n lọ sí tébù tó jìnnà. Kò sẹ́ni tó fi ilé ìjẹun sílẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, ọ̀kan nínú àwọn méjì yẹn ló ń bá Ọláìtán ka ìwé rẹ̀ sókè.

Fún odidi sáà ẹ̀kọ́ mẹ́jọ ni Ìyá Kùdí fi fọ abẹ́ tébù yẹn, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, lórí orúnkún tó ń dùn ún. Nígbà tí wọ́n fún un ní ìsinmi ọdọọdún, ó ń wá láti Mushin láti wá fọ̀ ọ́. Mo sọ fún un lọ́jọ́ kan pé ó ti tó, kó jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe é. Ó ní kí n lọ tẹ tàípù mi. Ní gbogbo àkókò yẹn, kò fi ọwọ́ kan ajá náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òfin ni, ó ṣe tán. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án lẹ́nu iṣẹ́, Ìyá Kùdí kì í sì í rú òfin Ìyá Kùdí.

Lóṣù kẹfà ọdún 1978, Ọláìtán parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó ti rí iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé ìwé kan ní Surulere. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán tó jẹ kẹ́yìn, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́ títí ìró kọ́kọ́rọ́ ìdí Ìyá Kùdí fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó tú ìjánu lára Bẹ́sì, ó sì fi kọ́ ìṣó àtijọ́ tó ṣì wà lára ògiri.

“Màmá,” ó ní, “kò sí lẹ́nu iṣẹ́ báyìí.”

Ìyá Kùdí ti ṣe àlùwàlá rẹ̀ de ìrun, omi ṣì wà lápá rẹ̀. Ó rọra kúnlẹ̀ lórí orúnkún náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá orí ajá náà mú, ó ń fi ọwọ́ pa á lórí, ó ń pa á létí, ajá náà sì ń lá a ní àtẹ́lẹwọ́. Ó pẹ́ níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ó dìde, ó lọ síbi korobá ẹnu ọ̀nà, ó bu iyẹ̀pẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ọwọ́ rẹ̀. Mo dúró tì í, mo ń bu omi fún un, mo sì ń kà á títí ó fi pé méje.